Ẹni Tó Yọ Mí Nínú Iná Ni Mo Purọ́ Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ kí mi kú oríire pé mi ò kú sínú iná. Mo ti gbọ́ ọ tó. Inú ló ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń bí mi sí ara mi, ó ń bí mi sí àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú, mi ò sì ní tàn yín pé ó ti rọlẹ̀. Ọkùnrin kan wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mi ò sọ fún pásítọ̀, tí mi ò sì sọ fún ìyá mi títí ó fi kú.

Aránṣọ ni mí ní Iléṣà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Fúnmiláyọ̀, la jọ kọ́ṣẹ́, a sì jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan. Kí n tó lọ́kọ, mo lóyún kan, mo ṣẹ́ ẹ, ó sì ba ilé ọmọ mi jẹ́. Fúnmiláyọ̀ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Nígbà tí mo wá lọ́kọ tí ọmọ kò dé, ó lọ sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi. Ó ní obìnrin náà ló ṣe òun láàánú, torí ó ń gbààwẹ̀ kiri lórí ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí ọkọ mi fi kó ẹrù mi síta.

Mi ò bá Fúnmiláyọ̀ jà. Ká ní mo bá a jà ni, bóyá gbogbo èyí kì bá tí ṣẹlẹ̀. Mò ń kí i, mò ń bá a rẹ́rìn-ín, mò ń yá a ní àlùmọ́gàjí mi. Inú mi sì ń hó.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù wa. Aṣọ àwọn oníbàárà Fúnmiláyọ̀ kún orí tábìlì rẹ̀. Mo pa ìlẹ̀kùn dé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù tí a fi ń tan jẹnẹrétọ̀, mo dà á sórí àwọn aṣọ náà. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo ti rò ó fún ọjọ́ pípẹ́. Òórùn pẹtiróòlù gba gbogbo inú ilé, mo sì ṣá ìṣáná.

Ẹni tí iná kò jó rí a máa rò pé èèyàn á rí i kó tó dé. Mi ò rí i. Afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló gbiná. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí èèyàn gbọn aṣọ ńlá, iná sì ti wà lára mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí dà bí òtútù, bí ẹni da omi yìnyín sí mi lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbóòórùn irun mi. Lẹ́yìn náà ni ìrora dé, mi ò sì ní ọ̀rọ̀ fún un. Ata kọ́, omi gbígbóná kọ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n bọ́ ara mi sílẹ̀ kí n sì sá lọ. Búláòsì mi yọ́, ó lẹ̀ mọ́ mi láyà. Mo na ọwọ́ sí ìlẹ̀kùn, awọ ọwọ́ mi sì kù sára irin rẹ̀.

Múfútáù ló gbọ́ igbe mi. Wẹ́dà tó ń jó irin ni, ará Òṣogbo, ẹ̀gbẹ́ wa ló ti ń ṣiṣẹ́. Mùsùlùmí ni, ìyẹn ló jẹ́ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ń jó géètì kan lọ́wọ́. Ó ta ìlẹ̀kùn nípàá wọlé, ó fi àpò tó rẹ sínú omi wé mi, ó gbé mi jáde. Ọwọ́ tirẹ̀ náà jó. Mo rántí pé ó ń sọ pé, "Àǹtí, ẹ má sùn. Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀." Àwọn tó sáré dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n fọ́ ẹyin tútù sí mi lára, àwọn mìíràn ní ògì ló dáa. Ó lé gbogbo wọn. Omi nìkan ló ń dà sí mi lára títí mọ́tò fi dé.

Ní ọsibítù, ètè mi ti wú, mi ò lè sọ̀rọ̀. Alága àdúgbò wa dúró tì mí, Fúnmiláyọ̀ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alága ní, "Ṣé iná wẹ́dà yẹn ló ta wọlé? Ṣé aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ lo fẹ́ kó jáde?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì àwọn ará àdúgbò fọ́ ẹ̀rọ Múfútáù, wọ́n lù ú, wọ́n ní kó máa lọ sí ìlú wọn. Ó lọ tòun ti ọwọ́ tó jó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo gbádùn irọ́ náà. Ẹ ò mọ bó ṣe máa ń rí tí nọ́ọ̀sì bá ń ṣí báńdéèjì tó ti gbẹ mọ́ ẹran ara èèyàn. Tí mo bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà, mà á ti máa bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí egbò náà jiná tán, ó ń yún mi níbi tí èékánná kò lè dé. Ọrùn mi fà mọ́ àyà. Àwọn ìka mi lẹ̀ pọ̀. Ojú àpá kì í làágùn, nítorí náà tí oòrùn bá mú, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń sè mí láàyè.

Ta ló ń wẹ̀ fún mi? Fúnmiláyọ̀ ni. Ó ń fi ṣíbí bọ́ mi. Ó ń sọ fún gbogbo ayé pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí ẹrù òun. Wọ́n pè mí síwájú ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí àwọn obìnrin wá kọ́ ìfẹ́ lára mi. Inú bí mi sí wọn. Inú bí mi sí ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ lójú egbò mi. Títí di òní, kò sọ ọ́ rí pé, "Mo ṣẹ̀ ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ." Ká ní ó sọ ọ́ ni, bóyá èmi náà ì bá sọ tèmi. Àwa méjèèjì dákẹ́, a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Múfútáù wá sílé mi láti Òṣogbo, òun àti ìyàwó rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó lóṣòó síwájú mi.

"Àǹtí, àwọn ọmọ mi fẹ́ kí n lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yìí. Áfà wa ní kí n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo bá ṣẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ká ní mo gbé iṣẹ́ mi jìnnà díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni. Ẹ foríjìn mí, nítorí Ọlọ́hun."

Ìyàwó rẹ̀ ní láti ọjọ́ náà kò jórin mọ́, pé géètì ilé ìwé kan ló ń ṣọ́.

Inú bí mi. Inú bí mi sí i pé ó gba irọ́ mi gbọ́. Pé kò bi mí léèrè ohun tí mò ń wá ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ ìsinmi. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn pé kó dìde. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mo ti dárí jì ọ́." Ọkùnrin náà sunkún. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Fúnmiláyọ̀ gbé mínírà wá fún wọn.

Bí mo bá sọ òótọ́, mo mọ ohun tí àdúgbò máa ṣe fún mi, nítorí mo rí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Mi ò sì mọ ẹni tí yóò máa bá mi de bọ́tìnnì aṣọ mi tí Fúnmiláyọ̀ bá lọ. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni ọkùnrin yìí máa rù dé ilẹ̀ mímọ́.

Lánàá ló pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Ó ní àwọn ò ní pẹ́ gbéra, pé tí òun bá dé òkè Àráfà níbi tí àwọn onímẹ́kà ti ń ṣàdúà, òun á bá mi tọrọ ìrọ̀rùn. Ó ní kí n sọ orúkọ àbísọ mi àti orúkọ ìyá mi fún òun, kí òun lè pè mí bó ṣe yẹ níwájú Ọlọ́hun. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo sì pa fóònù.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ó tún ti pè láàárọ̀ yìí, mi ò gbé e. Ó ṣì ń dúró de orúkọ.