Ọta Tí Mo Dì fún Royce

Ẹ gbé àwọn ìbọn yẹn sílẹ̀. Mi ò di ọta fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yìí, mi ò sì ní dì í fún yín mọ́ láéláé. Ẹ má wò mí bí ẹni tí oògùn ń pa. Orí mi pé. Ẹ̀dọ̀fóró mi ló bàjẹ́, rọ́bà tẹ́ ẹ rí nímú mi yìí ló ń bá mi mí, dókítà sì ti sọ fún mi pé kí n má fọkàn sí ọdún tó ń bọ̀. Torí náà mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ tẹ́ ẹ máa wọgbó. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tán tó wù yín kẹ́ ẹ wọ́ mi jù sínú yìnyín níta, ilẹ̀kùn nìyẹn. Clyde, ìwọ tó o jẹ́ olórí ahéré yìí, pa rédíò yẹn, kó o sì jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ ju àwọn tó kù lọ.

Ọ̀rọ̀ Royce Hollenbach ni, àna mi, ọkọ Arlene àbúrò mi, tá a sin nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún yìí. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ nípa rẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti mu bíà yó. Ẹ ní ó ṣá akọ àgbọ̀nrín ńlá kan lọ́gbẹ́, ó sì fi í sílẹ̀ kó lọ jẹrà sínú igbó. Torí ẹ̀ lẹ ṣe gba ibùba tó ti ń dọdẹ lọ́wọ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ gbé e fún èmi Wendell Kratzer. Ó dáa. Royce kọ́ ló ṣe é. Èmi ni. Ẹ̀yin náà ò sì bèèrè ohunkóhun nígbà náà, torí ó dùn mọ́ yín nínú pé ẹni tí kì í ta ìbọn tàsé ti wá dojú ti ara ẹ̀.

Mi ò ní tìtorí pé ikú ń bọ̀ kí n wá máa purọ́ pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo kórìíra Royce láti ọjọ́ tí Arlene ti mú un wálé. Ará ìgboro, tó wọ bàtà tuntun wá sínú ahéré, tí kò tíì lo ọdún kan láàárín wa tó fi ń pa ẹran jù wá lọ. Ẹ wo ògiri yẹn. Gbogbo ìdí ṣẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ gé lára ẹni tó yìnbọn tí kò bá ẹran, tẹ́ ẹ kọ orúkọ sí, tẹ́ ẹ kàn mọ́ pákó, ẹ kà á wò, tèmi ló pọ̀ jù. Royce ò ní ẹyọ kan. Lọ́dọọdún tẹ́ ẹ bá ti gbé àlùmọ́gàjí wá, òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Wendell, o ò níyàwó nílé, ta ló wá ń rán ṣẹ́ẹ̀tì fún ẹ? Ní ọdún méjì sí i, tìẹ nìkan á tó ṣe kọ́tìnì fún gbogbo fèrèsé ahéré yìí." Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú yín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n iná ń jó mi lábẹ́ aṣọ.

Ìyẹn ṣì ṣeé gbé mì. Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ti ibùba bàbá mi, ibi àpáta tó kọjú sí pápá lókè yẹn. Bàbá mi fẹ̀yìn ti àpáta yẹn títí ó fi kú. Nígbà tó kú, mo rò pé ó ti di tèmi, kò tiẹ̀ yẹ kẹ́nikẹ́ni dá a lábàá. Clyde ló wá dìde tó ní, "Wendell, ibẹ̀ jìnnà sí ẹran. Ká má tan ara wa, ẹni tó lè yìnbọn la fẹ́ fún." Ẹ nawọ́ sókè fún Royce, gbogbo yín pátá. Clyde, má dorí kodò. Ọwọ́ ẹ ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tẹ́ ẹ ò lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lé lórí, ìyẹn ọta, torí èmi ni mo ń di ti gbogbo ahéré yìí. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sínú igbó dídí nísàlẹ̀, níbi tí ẹran ti ń yọ síni lójijì, ọta tó wúwo, tí imú ẹ̀ rí róbótó, tí kò sáré púpọ̀, ni mo máa ń dì fún un, kó má bàa fọ́ yángá sínú ẹran kó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn kọjá pápá, ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni mo máa ń dì fún un, màá rọ ẹ̀tù sí i dáadáa, kó lè sáré, kó má tètè wálẹ̀, kó sì ṣì ní agbára tí imú ẹ̀ máa fi là gbòòrò nígbà tó bá dé ara ẹran. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbà tí wọ́n fi bo òjé ara ọta. Èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń là wéré. Èyí tó nípọn, àfi kó sáré, bí ò bá sáré, á kàn gba inú ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́, ẹran á sì máa fi ìrora rìn kiri. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ̀ṣẹ̀ mi ò fi ní àwáwí.

Royce kó èèpo ọta onídẹ tirẹ̀ wá bá mi nígbà tí ewé ń rẹ̀ lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Wendell, ti ọ̀nà jíjìn ni o. Mo ń lọ síbi àpáta bàbá yín." Ó rẹ́rìn-ín sí "bàbá yín" yẹn, àbí èmi ni mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà. Mo tilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi, mo mú ọta ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí bàbà ara ẹ̀ nípọn jù, mo sì dín ẹ̀tù inú ẹ̀ kù. Tẹ́ ẹ bá gbé e sọ́wọ́, kò sóhun tẹ́ ẹ máa rí. Mo sì mọ̀ pé ẹ ò ní mọ̀ nígbà tá a bá ń dán ìbọn wò, torí pákó ẹ̀yìn ahéré tá a máa ń yìnbọn sí, ọgọ́rùn-ún yáàdì péré ló jìnnà, a ò sì dán ìbọn wò ju ibẹ̀ lọ rí, ọ̀lẹ ni wá. Níbi tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀, ọta tí kò lágbára náà á bá pákó, èèyàn á kàn yí awò ìbọn díẹ̀ ni. Royce yí tirẹ̀, ó yìn ín, ó bá àárín gbùngbùn. Ó wá fọwọ́ pa èjìká, ó ní, "Wendell, ìbọn yìí ò gbá mi léjìká bíi ti tẹ́lẹ̀ mà." Mo ní, "Ọ̀rá ló ti bò ẹ́ léjìká. Ọ̀dùnkún tí Arlene ń fún ẹ ti pọ̀ jù." Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì kó àwọn ọta náà sápò.

Kí ni mo fẹ́? Ẹ fetí sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ bí èèyàn ṣe lè kéré tó. Mo fẹ́ kó ta á tàsé ni. Ìpẹ̀kun pápá lọ́hùn-ún ni ẹran sábà máa ń yọ sí, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta yáàdì. Mo ti ṣírò ẹ̀ pé kí ọta yẹn tó débẹ̀, á ti lọ sílẹ̀ débi pé abẹ́ ikùn ẹran ló máa gbà kọjá, á sì bọ́ sínú erùpẹ̀. Ẹran á sá lọ láìfarapa, ẹ̀yin ẹ ó gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì Royce, èmi náà á sì rí i fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Torí ìdí ṣẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọdẹ, akọ àgbọ̀nrín yẹn ò dúró ní ìpẹ̀kun pápá. Ó ti rìn dé àárín kí Royce tó yìnbọn. Ní àárín yẹn, ọta mi ò tíì lọ sílẹ̀ tó láti tàsé. Bó ṣe lọ sílẹ̀ mọ ni pé ó kúrò níbi ọkàn, ó fọ́ ẹsẹ̀ iwájú, ó sì ya abẹ́ àyà. Ẹ rántí bí Royce ṣe sáré sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Ojú ẹ̀ funfun. "Mo bá a! Mo rí i tó ṣubú, ó tún dìde. Ọkàn ẹ̀ ni mo fojú sun, mo fi Ọlọ́run búra, ọkàn ẹ̀ ni. Ẹ wá bá mi wá a, ẹ jọ̀ọ́." A lọ. A rí ẹ̀jẹ̀ lórí yìnyín àti èérún egungun. Clyde pín wa sọ́nà, ó ní kí n gba ìhà odò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, mi ò sọ ọ́ fún àlùfáà. Mo rí ẹran yẹn. Ó wà lábẹ́ igi létí odò, ó dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ń fì dirodiro. Ó gbórí sókè, ó wò mí. Ìbọn mi wà lọ́wọ́ mi, ọta tó dáa ló sì wà nínú ẹ̀. Ẹyọ kan péré, ìrora ẹ̀ á tán, gbogbo yín á gbọ́ ìró, ẹ ó sáré wá, Royce á rí ẹran ẹ̀, orúkọ ẹ̀ á sì mọ́. Ṣùgbọ́n Clyde ló máa la inú ẹran yẹn. Á rí ihò ọta tí kò là, á sì bèèrè ẹni tó dì í. Mo dúró síbẹ̀. Ó gbìyànjú àtidìde, ó ṣubú, ó tún gbìyànjú, ó sì dún bí ọmọdé tó ń ṣàárẹ̀. Èmi, ọmọ bàbá mi, tó kọ́ mi pé a kì í fi ẹran tá a ti ṣá sílẹ̀, mo yíjú padà. Mo ṣẹ́ ẹ̀ka igi, mo fi gbá yìnyín bo ẹ̀jẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà. Royce pàdé mi lókè. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "O rí nǹkan kan?" Mo ní, "Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lápá odò. Òkè ló gbà." Ó gbà mí gbọ́. Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó wá ẹran yẹn lórí òkè títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tún lọ lọ́jọ́ kejì nígbà tí ẹ̀yin ń dọdẹ tiyín. Lẹ́yìn náà yìnyín rọ̀, ó bo gbogbo ẹ̀. Lórí tábìlì yìí la ti dá ẹjọ́ ẹ̀. Clyde ní, "Ẹni tó bá ṣá ẹran tí kò rí i kò ní jókòó síbi àpáta yẹn mọ́." Royce ò jà. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara ẹ̀, ó ní, "Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀." Ẹ gbé ibùba fún mi, ẹ tún ra bíà fún mi lé e. Mo mu ún. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó síbẹ̀, ẹ sì ti jẹ nínú ẹran tí mo pa níbẹ̀, ẹ ní ó dùn.

Royce ò tún wá sí ahéré mọ́. Nígbà tí èémí mi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, òun ló ń wá kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, tó ń la igi fún mi, títí àìsàn fi dá òun náà dùbúlẹ̀. Mo máa ń gba ẹ̀yìn kọ́tìnì wò ó. Màá ní, òpònú yìí ò mọ ẹni tó ń sìn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo sọ fún Arlene nílé ẹ̀. Ó ń bó ọ̀dùnkún, kò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Royce mọ̀." Mo ní mọ kí ni? Ó ní, "Ọta kan ṣẹ́ kù. Ó tú u lórí tábìlì yìí, ó wọn ẹ̀tù inú ẹ̀. Ó wá ní, Wendell ni. Mo fẹ́ wọ ẹ̀wù kí n wá bá ẹ jà, ó dì mí mú. Ó ní tóun bá sọ ọ́ ní ahéré, wọ́n á lé ẹ, o ò sì ní ẹlòmíràn láyé yìí ju àwọn èèyàn yẹn lọ. Ó ní òun ti dárí jì ẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn, inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi báyìí. Ó tún fi ìyẹn borí mi! Mo bú Royce nínú sàréè ẹ̀. Kó má bàa jẹ́ èmi nìkan ni òpònú, mo wá sọ ìyókù fún Arlene, ti ẹran létí odò. Ìgbà yẹn ló tó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ò hàn sí Royce. Kò mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn pé ó kú láìmọ̀ ọ́n. Èyí tó mọ̀ ló dárí ẹ̀ jì ẹ́, Wendell. Ti ẹran yẹn, lọ bẹ ẹni tó ń pa ẹran." Ó ṣílẹ̀kùn fún mi.

Mo ti dé nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ń pa ẹran. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jókòó sẹ́yìn, bí inú bá bí yín sí ẹnì kan, ẹ bá a jà lójúkojú, ẹ lù ú ní ẹ̀ṣẹ́ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ má kó ìbínú yín sínú ọta. Clyde, ibùba kì í ṣe tèmi mọ́, orúkọ Royce sì ti mọ́ láti òní lọ, sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ ṣe mí bó bá ṣe wù yín. Ẹ bú mi, ẹ lé mi, ẹ tutọ́ sí mi lára. Tàbí kẹ́ ẹ dárí jì mí, mo bẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ má ṣe mí bí Royce ṣe ṣe mí, kẹ́ ẹ dárí jì mí kẹ́ ẹ sì dákẹ́.