Gààrí Ọjọ́ Kan Tó Dé Jobele

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ di àga iwájú yìí mú kí n tó jẹ́rìí mi. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ ọmọ mi, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ tètè bá mi yìn ín, torí bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹlòmíì nínú yín máa bínú sí mi.

Gbogbo yín mọ èmi Ìyá Túnjí, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yan gààrí ní Ìlọrà yìí. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́ tán, a ó dì í sínú àpò, a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi wà níbẹ̀ kó lè kan, kí oró rẹ̀ sì lọ. Ìyá tó bí mi ló kọ́ mi. Ó máa ń sọ pé ẹ̀gẹ́ tí kò bá sùn ọjọ́ mẹ́ta, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló máa sùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ìlú le. Epo tí a ń rọ sí ẹ̀rọ wọ́n lánàá, ó tún wọ́n lónìí. Bí mo bá jí, ohun tó tún máa gbówó lórí ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀rù. Kọ́sítọ́mà mi tó ń fi mọ́tò kó gààrí lọ sí Ìbàdàn wá ní òun ò lè dúró de ọjọ́ mẹ́ta mọ́. Ó ní àwọn ẹlòmíì ti ń yan ti ọjọ́ kan, ta ló kú? Mo bú u dáadáa, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Ó ní tí òun bá dé ní Tọ́sìdeè tí kò bá sí gààrí, òun á gba Imini lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Mo gbàdúrà o, mo gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, ẹ̀rù ló ń gba àdúrà yẹn, kì í ṣe èmi.

Bí mo ṣe tú jáàkì lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ tó korò ni, mo sì mọ̀. Mo yan án, ó funfun, ó wu ojú. Mo gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo wẹ̀, mo wá sí ìpàdé ọ̀sán ẹgbẹ́ obìnrin níbí. Èmi ni mo tún dá orin lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ẹ rí i bí ọkàn èèyàn ṣe lè yigbì tó?

Àṣé Bùkọ́lá, ìyàwó Túnjí, ti wá láti Jobele lẹ́yìn mi. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wọlé ni mo ti sọ fún un níwájú ẹbí pé àpò gààrí tó bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, tirẹ̀ ni, kó má tọrọ. Ó bù ú, ó lọ. Aládùúgbò mi ló sọ fún mi nígbà tí mo dé. Ó ní ìyàwó mi ní àwọn ọmọ òun máa mu ún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Yéè! Mo pe fóònù Bùkọ́lá, kò lọ. Mo pe ti Túnjí, kò lọ. Mo gun ọ̀kadà láìwọ bàtà. Ọlọ́kadà ń bi mí bóyá ẹnìkan kú, mo ní kó ṣáà máa sáré. Kò sí ẹsẹ Bíbélì kankan nínú àdúrà tí mo gbà lórí ọ̀kadà yẹn. Mo kàn ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé: "Olúwa, èmi ni kí o mú, má mú àwọn ọmọ." Nígbà tí mo dé tí mo bá ilẹ̀kùn wọn ní títì, tí ilé dákẹ́ rọ́rọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bùkọ́lá bá yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń ká aṣọ bọ̀, àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀lé e. Mo bi í pé gààrí dà. Ló bá kúnlẹ̀, ojú ń tì í.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo tọ́ ọ wò, kò kan rárá. Mo ní èyí kì í ṣe gààrí yín, bóyá ẹnìkan ló gbé e sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Mi ò fún àwọn ọmọ."

Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí ń bẹ̀ mí! Mo kúnlẹ̀ tì í, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. A jọ gbẹ́ ilẹ̀, a bò ó mọ́lẹ̀ kí adìẹ má baà ṣà á jẹ. Mo délé, mo bo ìyókù mọ́lẹ̀.

Kọ́sítọ́mà dé ní Tọ́sìdeè, ó bínú lọ, kò tíì padà. Mi ò mọ ohun tí oṣù tó ń bọ̀ máa mú wá, irọ́ ni mo sì máa pa bí mo bá ní ẹ̀rù ò bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ èyí tó yẹ kí n bẹ̀rù jù.

Àpò tó wà lẹ́bàá pẹpẹ yẹn, ọrẹ ìdúpẹ́ mi ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi sùn. Ẹ má kàn ṣe Halelúyà fún mi kí ẹ máa lọ. Tí ìsìn bá parí, kí kálukú wá bu díẹ̀ sẹ́nu. Bí ẹ bá rí i pé ó kan, ẹ fi ògo fún Ọlọ́run, kí ẹ sì bá mi yọ̀, torí àwọn ọmọ Túnjí ló kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí.