Mi Ò Sùn Nígbà Tí Mo Rí I

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ìwé yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú títí dé Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n lè jókòó sójú kan. Mo dìde, mo gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá, mo tún jókòó. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ti gbéra kúrò ní abà wa nítorí ohun tí mo sọ, ó sì ń wá ẹnì kan níbi tí ẹni náà kò sí. Bí mo bá tún dákẹ́, ọrùn mi ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa wà.

Wọ́n kó mi lẹ́rú nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ àwọn òyìnbó tó ń lé àwọn olówò ẹrú ló gbà wá lójú òkun, wọ́n sì kó wa lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni mo ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, tí mo kàwé dé ibi tí wọ́n ń jẹ́ kí ọmọbìnrin kà á dé. Nígbà tí mo dàgbà, mo padà wá láti wá ilé bàbá mi. Mi ò rí i. Ogun ti tú ìlú náà. Abà kan tí kò jìnnà sí Ẹgbẹ́dá lẹ́bàá Ìbàdàn ni mo wá fìdí sí, nílé ìyá arúgbó kan tí à ń pè ní Ìyá Àjàní. Mò ń ránṣọ, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ábídí.

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ jẹ mọ́ àlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n dè wá mọ́ ara wa nínú àgọ́ ẹrú létí òkun, mi ò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Mo máa ń di ojú mi, màá sì máa fi ọkàn gbọ́ odó ìyá mi. Gbì. Gbì. Mo di ìró odó náà mú bí ẹni tó di okùn mú. Ara mi á sùn, èmi ò ní sùn. Ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ wúwo, lẹ́yìn náà ọwọ́. Nǹkan á máa hó létí mi bí oyin inú igi. Ẹ̀rù á bà mí. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá mira, tí mi ò sì jẹ́ kí ìró odó náà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, òkùnkùn ojú mi á máa là díẹ̀díẹ̀, màá sì bá ara mi ní àgbàlá wa, tí ìyá mi dúró ti odó.

Inú àlá ni, mo sì mọ̀ pé inú àlá ni. Àwọn ẹlòmíràn kì í mọ ìgbà tí wọ́n wọ inú àlá tiwọn. Èmi máa ń mọ ìgbà tí mo gbẹ́sẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà.

Àpá iná kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì mi láti kékeré. Nínú àlá, kì í sí níbẹ̀. Ohun tí mo fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Màá wo ọwọ́ mi, màá rí i pé ó ń dán, màá sì mọ̀ pé ohunkóhun tí mo bá fẹ́ níbẹ̀ ló máa ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fẹ́ òjò, òjò á rọ̀. Ẹni tí mo bá pè, á jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Èmi ni mò ń ṣe àlá náà fúnra mi. Kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan kan hàn mí.

Àjàní ni ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá yẹn bí. Ó bá àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn lọ sí ogun Ìjàyè, kò sì padà. Àwọn tí wọ́n jọ lọ kò rí òkú rẹ̀, wọn ò sì mú ẹ̀tà rẹ̀ wálé. Èmi fúnra mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀tà kí n tó padà dé: irun orí àti èékánná ẹni tó kú sí ìrìn àjò ni, tí wọ́n ń mú bọ̀ kí àwọn ará ilé lè rí nǹkan sin. Nígbà tí ogun ti parí tí ó sì ti pẹ́, àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n sin aṣọ rẹ̀, kí Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣe opó, kí ó lè fẹ́ ẹlòmíràn nínú ẹbí. Láti ìgbà náà ni Ìyá Àjàní ò ti jẹun mọ́. Wọ́n kàn ń mu omi, wọ́n sì ń wo ojú ọ̀nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Ìyá yìí ló gbà mí sílé nígbà tí àwọn ará abà ń fi mí ṣẹ̀sín pé, "Sàró tí kò mọ orúkọ bàbá ẹ̀."

Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń gún èlùbọ́ lọ́sàn-án lẹ́yìn ilé. Ìró odó rẹ̀ jọ ti ìyá mi. Bí ó bá ti ń gún un, tí mo sì dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kì í pẹ́ tí màá fi wọlé síbi tí mò ń lọ. Ó máa ń yọjú sí mi láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Sàró, ẹ tún ti sùn! Ṣé iṣẹ́ tí òyìnbó kọ́ yín nìyí?"

"Mi ò sùn," ni màá wí.

"Ẹ ò sùn, àmọ́ ẹ̀ ń hanrun!" Á rẹ́rìn-ín títí ọmọrí odó á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀la tí wọ́n máa sin aṣọ Àjàní, mo dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, mo di ìró odó mú, mo wọlé. Mo pe Àjàní, ó jáde. Ó jókòó níwájú ilé pákó kan tí wọ́n gbé ka orí òkúta, ó kọjú sí omi tí èèyàn ò lè rí òdì kejì rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ mi. Àpá ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo la ojú, Ìyá Àjàní ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi. Wọ́n ti ń wò mí tipẹ́.

"Kí lo rí?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní, "Mo rí Àjàní."

"Ṣé àlá lo lá ni, ọmọ mi?"

Mo ní, "Mi ò sùn, Ìyá."

Òótọ́ ni. Mi ò sùn. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa rí létí wọn. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí èèyàn bá rí lójú oorun, àlá ni, àlá sì lè jẹ́ ti ikùn tó yó jù. Ohun tí èèyàn bá rí láìsùn, ìran ni. Mo wá èyí tó jẹ́ òótọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi, òun ni mo sì fi pa irọ́. Àwọn àgbà ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé. Èmi ò jẹ́ kí tèmi gbé inú mi.

Ìyá Àjàní dìde, wọ́n ní kí Àbẹ̀kẹ́ bu ẹ̀kọ wá fún àwọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọn ò sin aṣọ mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ fà mí sí kọ̀rọ̀. "Ìyá Sàró, ṣé ó rù?"

"Kò rù."

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín kẹ̀! Èmi ń gbé odó pọ̀n níhìn-ín, òun ń rẹ́rìn-ín! Ẹ jẹ́ kó dé, á mọ̀ mí." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń rán mi. "Lọ wò ó fún wa." Èmi náà ń lọ. Mo sọ àwọ̀ fèrèsé fún wọn, mo sọ ti igi máńgòrò tó wà níwájú ilé. Mo sì mọ ilé náà. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ilé tí mo ti kọ́ ìránṣọ ní Sàró ni. Mi ò ní ibòmíràn tí mo lè fi ọmọ ọlọ́mọ sí ju ibi tí èmi alára ti gbé rí.

Àwọn ará abà ò pè mí ní Sàró tí kò mọ orúkọ bàbá ẹ̀ mọ́. Wọ́n ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ fi ìyẹn pa mọ́ fún yín.

Mi ò mọ̀ pé Àbẹ̀kẹ́ ń kó gbogbo ohun tí mo sọ jọ. Ó lọ bi obìnrin oníyọ̀ kan lọ́jà pé ibo ni ilé pákó wà tó kọjú sí omi tí kò lópin. Obìnrin náà ní, "Èkó mà ni." Nígbà tí mo fi máa mọ̀, ó ti di ẹrù rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ̀nà ò dára, pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ wà lọ́nà Ìjẹ̀bú.

Ó ní, "Ọkọ mi tí ẹ fojú yín rí ni mò ń lọ bá. Àbí ẹ ò rí i ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ dúró tì wá, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo ní, "Mo rí i." Ó kúnlẹ̀, mo sì súre fún un.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin ará Èkó, ẹ jọ̀ọ́. Ó ga, ó dúdú, ó kọ àbàjà, ó sì ní èjí. Igbá èlùbọ́ ló gbé lórí. Ó máa ń dáhùn kí wọ́n tó bi í tán. Á máa béèrè ilé pákó tó ní igi máńgòrò níwájú. Bí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un kó padà. Ẹ sọ fún un pé Ìyá Sàró ní òun sùn. Ẹ ní mo ní òótọ́ ló sọ, pé mò ń hanrun. Á yé e.

Mi ò tíì sọ fún Ìyá Àjàní. Láti ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ ti lọ ni wọ́n ti ń wí fún mi pé, "Lọ wo ìyàwó ọmọ mi fún mi. Ibo ló dé?" Ní àná mo wá àwáwí. Mo ní ìró odó ló máa ń mú mi débẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń gún odó mọ́.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán yìí, bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí lọ́wọ́, mo ń gbọ́ wọn lẹ́yìn ilé. Wọ́n ti wọ́ ara wọn dé ìdí odó Àbẹ̀kẹ́. Kò sí nǹkan kan nínú odó náà. Wọ́n ń gún un kí èmi lè ríran. Gbì. Wọ́n á sinmi. Gbì.

Ẹní mi wà nílẹ̀ níbí. Mi ò dùbúlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n lọ sọ fún wọn kí apá wọn tó rẹ̀?