Bí Olúwa Ṣe Gba Ọmọ-Ọmọ Mi Lọ́wọ́ Ẹnu Mi

Ẹ ké halelúyà! Mi ò gbọ́, àbí etí mi ló ti di? Ẹ ké e kí wọ́n gbọ́ ọ lórí òkè Màpó! Ògo! Ògo fún Ẹni tó dá ilẹ̀ kó tó dá àwọn tó ń jà lé e lórí!

Wòlíì ní kí n má lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo gbọ́, Wòlíì. Ṣùgbọ́n oore yìí ò lè wọ inú ìṣẹ́jú márùn-ún, àfi ká tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ẹni ń ki ẹrù sápò.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Bàbá Jóṣúà agbẹ́kànga, ti Pópó Yemọja. Ìwé mi ò kọjá pírámárì mẹ́ta. Tíṣà ló lé mi, torí ìbéèrè mi ti pọ̀ ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ilé Ọlọ́run la wà, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n láti Ọjà'ba títí dé Bẹyẹrunkà, ta ló gbẹ́ kànga bí èmi? Èyí tí mo gbẹ́ sáàárín agboolé wa, ó jìn débi pé nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo ń gbọ́ àkùkọ àwọn òyìnbó tó ń kọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo kí wọn pé ẹ káàárọ̀. Wọ́n dáhùn! Ìyá Àdúrà ń mirí. Mà, ẹlẹ́rìí mi ni ìyàwó mi tó ti kú, ẹ bi í lọ́jọ́ àjíǹde.

Kànga yẹn ni ògo mi. Ẹ fi í sọ́kàn o.

Mo ní ọmọ-ọmọ kan, Mojísọ́lá. Bàbá rẹ̀, ọmọ mi, ń wa tírélà lọ sí Òkè Ọya, èmi ni mo tọ́ ọmọ náà. Láti kékeré ló ti ń bá mi lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá fa yẹ̀pẹ̀ jáde, á tò ó lẹ́sẹẹsẹ, pupa, funfun, dúdú, á ní, "Bàbá àgbà, kí ló dé tí ilẹ̀ ò ní àwọ̀ kan ṣoṣo?" Èmi á ní, "Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀ lò ń wò yẹn, ojú ń tì í."

Nígbà tó parí sẹ́kọ́ńdírì, àwọn àbúrò bàbá ẹ̀ ní kó lọ ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ní rárá. Ó mú ìwé àjákọ kan jáde, ó ti fi rúlà to gbogbo ẹ̀ síbẹ̀: físíìsì, kẹ́mísírì, ìṣirò àti jọ́gíráfì tó máa fi wọlé, ohun tó máa kọ́ lọ́dún kìíní títí dé ọdún kẹrin, òkúta, àgbàrá, omi abẹ́ ilẹ̀, ibi tí ẹ̀gbin ń jò lọ.

Mo ní, "Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Ẹnfáyírọ́mẹ́ńtà jiosáyẹ́ǹsì, bàbá àgbà."

Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, mo gbìyànjú kí n pè é, ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu mi fẹ́ bá a lọ! Mo ní kó túmọ̀ ẹ̀. Ó ní, "Ìwé nípa ilẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ ṣe rí, àti bí a ò ṣe ní í bà á jẹ́."

Ó ṣe ìdánwò àṣewọlé, ó yege. Ẹ yin Olúwa! Yunifásítì gbà á. Ó wá ku ìwé kan, ìwé tí kánsù fi ń jẹ́rìí pé ọmọ Ìbàdàn ni. Kánsù ní kí Mọ́gàjí, olórí ẹbí wa, kọ́kọ́ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni yunifásítì fún un. Bí ìwé náà ò bá dé, ẹlòmíràn ló máa gba àyè ẹ̀.

Mọ́gàjí wa, Alhaji ni, ẹ̀gbọ́n mi ni. Nígbà yẹn, inú ń bí i. Ẹnì kan nínú ẹbí ti yọ́ ilẹ̀ wa kan tà. Èmi, mo mú Mojísọ́lá dé ìpàdé ẹbí, mo fẹ́ ṣe fáàrí. Mo dìde, mo fa agbádá mi sókè, mo ní, "Mọ́gàjí, ẹ bá mi dúpẹ́! Mojísọ́lá fẹ́ lọ ka ìwé ilẹ̀!"

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? "Nípa" kékeré yẹn, mo ti gbé e mì.

Mọ́gàjí ní, "Ìwé ilẹ̀ wo?"

Mo ní, "Ìwé ilẹ̀ náà ni."

"Èyí tó wà nínú àpótí mi?"

Mo rò pé irú ìwé Mojísọ́lá lóun náà ní. Mo ní, "Ẹ ní in ni? Ẹ gbé e fún un kó tètè bẹ̀rẹ̀!"

Háà! Mọ́gàjí fò dìde, láwàní ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. "Jóṣúà! O ti rí ẹni tó máa rà á nìyẹn!" Wọ́n já ìwé àjákọ gbà lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n ṣí i, wọ́n bá àwòrán agboolé wa níbẹ̀: ilé, kànga, ṣáláńgá, pẹ̀lú ọfà láàárín wọn. Ẹnì kan kígbe pé, "Wọ́n ti wọn ilẹ̀! Ẹ wo ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà wọlé!" Mọ́gàjí ki ìwé náà bọ àpò agbádá. Ó ní, "Wàláhì, bíróò mi ò ní kan fọ́ọ̀mù yẹn."

Mojísọ́lá sunkún dé ilé. "Bàbá àgbà, kí lẹ sọ fún wọn?" Mo ní ohun tó sọ fún mi ni mo sọ. Kò jẹun. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mi ò kan nǹkan kan àfi ẹ̀kọ díẹ̀. Mo lọ bẹ Mọ́gàjí. Ó dáhùn láti ojú fèrèsé pé, "Alhaji ò sí nílé."

Mo ní, "Mọ́gàjí, ohùn yín ni mò ń gbọ́."

"Ohùn mi ló wà nílé. Èmi ti lọ sí Agodi."

Ṣùgbọ́n Olúwa mi, ọ̀nà rẹ̀ pọ̀! Ikùn ló gbà wọlé. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Mọ́gàjí lẹ́nu. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, àwọn ọmọdé agboolé náà dara pọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní, "Bàbá, omi wo lẹ ń mu?"

Mọ́gàjí ní, "Omi kànga wa ni. Àbúrò mi ló gbẹ́ ẹ, ó jìn dé ilẹ̀ òyìnbó."

Dókítà ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ibo ni ṣáláńgá yín wà? Bó bá wà lókè kànga, ẹ foríjì mí, ohun tẹ́ ẹ ṣu lẹ̀ ń mu."

Mọ́gàjí rántí àwòrán kan. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá. Ó ránṣẹ́ pè wá.

Orí ibùsùn la bá a. "Ọmọ yìí, ọfà kí lèyí?"

Mojísọ́lá kúnlẹ̀. "Ọ̀nà tí omi ń gbà lábẹ́ ilẹ̀ ni, bàbá. Ilẹ̀ wa dà wálẹ̀ láti apá Màpó. Ṣáláńgá wà lókè, kànga wà nísàlẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ̀gbin á jò wọ inú kànga."

"O mọ̀, o ò sọ?"

Ó wojú mi. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo ní kí n kọ́kọ́ kà á nílé ìwé kó dá mi lójú. Àti pé... mi ò fẹ́ dójú ti bàbá àgbà."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi! Ìtìjú mi lọmọ yìí bò. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Mọ́gàjí, kànga tí mo fi ń yangàn kò dáa. Ẹnu mi náà ò dáa. Èmi ni mo gbé 'nípa' mì. Ìwé nípa ilẹ̀ lọmọ fẹ́ kà. Kì í ṣe ìwé ilẹ̀."

Mọ́gàjí wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí inú fi dá a lámù, ó sáré jáde, a dúró dè é. Nígbà tó dé, ó ní, "Bíróò dà?" Mo rán an létí ìbúra tó ṣe. Ó ní, "Bíróò mi ni mo búra lé. Mú tìẹ wá." Ọjọ́ méjì ló kù! Mojísọ́lá fa fọ́ọ̀mù yọ, Mọ́gàjí fọwọ́ sí i, ó ní, "Lọ, ọmọ mi. Ka ilẹ̀. Kà á débi tó bá dé. Má ṣáà tà á."

Ẹ bá mi dúpẹ́! Mojísọ́lá ti wà ní ọdún kìíní. Ara Mọ́gàjí ti yá, àwọn ọmọdé ti ń sáré kiri. Olúwa, ẹ ṣé! Ẹ ṣé! Ẹ ṣé!

Ẹ̀yin tí ẹnu yín ti kó sí wàhálà, ẹ má bọ́hùn. Ohun tẹ́ ẹ fi ń yangàn lè jẹ́ òun ló dí ọ̀nà. Ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ wo ohun tí Olúwa máa ṣe.

A ti dí kànga àtijọ́. Dókítà yẹn bá Mojísọ́lá wo òkè agboolé, lókè ṣáláńgá, ọmọ náà sì fi ẹsẹ̀ tẹ ibi tá a máa gbẹ́ tuntun sí. Àwọn géńdé ló gbẹ́ ẹ, èmi jókòó, mò ń pàṣẹ. Kò jìn tó tàtijọ́. Mo tẹ́tí síbẹ̀ títí, mi ò gbọ́ àkùkọ òyìnbó kankan.

Omi tó mọ́ nìkan la rí. Ó tó, Olúwa. Ó tó.