Ilẹ̀ Tísà Ọlọ́runfẹ́mi Kò Kú

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Wọn kò sọ ohun tí irọ́ yóò ti bà jẹ́ kí òtítọ́ tó dé. Adérìnsọ́lá mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́ lọ́sàn-án yìí, ó parí nìyẹn. Tísà Ọlọ́runfẹ́mi, tó kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì ní kékeré, ti kó ẹrù sí pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Tudun Wada, ní Jos. Lọ́la ni yóò padà sí Èkìtì.

"Sannu da zuwa," bàbá náà fi Hausa kí i káàbọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Jókòó, akẹ́kọ̀ọ́ mi."

Kò jókòó. Ó kúnlẹ̀. "Tísà, irọ́ ni mo pa fún yín. Ilẹ̀ yín kò kú."

Ibi tí wọ́n ti wa kùsà láyé àtijọ́ ni ilẹ̀ náà. Ìgbẹ́ màlúù ni Tísà àti ìyàwó rẹ̀ fi jí i dìde, tí wọ́n fi ń gbin ọ̀dùnkún síbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ ní ilẹ̀ tó bá ti kú ni àwọn máa gbà fún àwọn oníbúlọ́ọ̀kù, wọ́n sì rán Adérìnsọ́lá láti wádìí. Kòkòrò àìfojúrí ló ń mú ilẹ̀ wà láàyè. Iṣẹ́ Adérìnsọ́lá ni láti wọn agbára tó wà lára wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n bá bù gbọ́dọ̀ wọ inú yìnyín lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò náà á ti ná agbára wọn tán kí wọ́n tó dé ibi ìwádìí.

"Mi ò gbé yìnyín dání," ó wí. "Mo ní ọyẹ́ ń mú, òtútù Jos ti tó yìnyín. Ìgbéraga àwa ọmọ Jos! Mo yà ra tòmátì ní Tina Junction, mo bá ọ̀rẹ́ mi jókòó, ọkọ̀ wà nínú oòrùn, gíláàsì rẹ̀ wà ní títì. Nígbà tí mo wọn àwọn kòkòrò náà, wọn ò lágbára kankan mọ́. Mo mọ ohun tó fà á, mo ṣì kọ ọ́ pé ilẹ̀ ti kú."

"Àṣìṣe ni," bàbá náà wí jẹ́jẹ́. "Ta ni kì í ṣe àṣìṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Adérìnsọ́lá ju ìgbátí lọ, nítorí èyí tó burú jù ṣì kù. "Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ fi fìlà bu ilẹ̀, tí ẹ gbé e lé yìnyín wá síbi iṣẹ́ wa, pé kí n tún un wò?"

"Mo rántí."

"Mo tún un wò. Agbára àwọn kòkòrò náà kún dẹ́múdẹ́mú. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti yìn mí fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, ojú sì tì mí. Mo da ilẹ̀ yín nù. Mo jáde, mo wò yín lójú, mo ní, 'Tísà, ó ti kú.' Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Kí ni olè ṣe tí òun kò ṣe jù ú lọ? Ó ṣì ń rí i bí bàbá náà ṣe gbọn fìlà nù kó tó dé e.

Nígbà tí Tísà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ìyá Ọpẹ́yẹmí, aya mi, kò gbà. Ó ní ilẹ̀ tí òun ń fọwọ́ ara òun tọ́jú, ó ń mí. Mo ní kó pa ẹnu mọ́, pé òpè ni, pé ọmọ tí mo fọwọ́ mi kọ́ kò lè parọ́. Ó bẹ̀ mí kí n má buwọ́ lu ìwé tí wọ́n fẹ́ fi gba ilẹ̀. Mo buwọ́ lù ú. Kò bá mi sọ̀rọ̀ gidi mọ́ títí ó fi kú."

"Ẹ foríjì mí, Tísà."

"Ti ilẹ̀, mo fi jì ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pe aya mi lópè. Ta ni yóò fi jì mí?"

Ó mú okùn, ó ń di ẹrù rẹ̀ lọ. Adérìnsọ́lá kò lè dìde, kò sì lè bá a di í.