Ọjọ́ Tí Mo Sá Kúrò Láàárín

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ gbé ṣíbí sílẹ̀ ná. Kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́, ẹ̀rọ ló ń bá mi fọ ẹ̀jẹ̀, dókítà sì ti sọ fún mi láìfepo bọyọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n má rí ìgbà òtútù tó ń bọ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n gbé òkú mi wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kí pásítọ̀ wá máa pè mí ní ènìyàn rere. Díákónì Tarver lẹ mọ̀ mí sí, ọ̀rẹ́ Kóòṣì Bynum láti kékeré. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wọ aṣọ pupa, tí Kóòṣì ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ tí Kóòṣì yín ń wọ́ nílẹ̀ yẹn, èmi ni mo bà á jẹ́.

Ìyá mi bá iṣẹ́ lọ sí Detroit nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sì ránṣẹ́ pè mí mọ́. Mama Ernestine, ìyá Lucious, Kóòṣì yín, ló gbà mí sílé. Inú àwo kan náà ni èmi àti Lucious ti ń jẹ ẹja díndín, orí ibùsùn kan náà la ń sùn títí a fi tóbi débi pé ibùsùn náà wó. Yunifásítì kan níbí ní Alabama mú àwa méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì fi wá sáàárín ìlà iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa.

Ẹ̀yin ọmọ mọ ohun tí àárín jẹ́. Ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ẹni tó ń jù ú, àwọn ni èrò ń kọrin kí. Ẹni tó wà láàárín, ọkùnrin méjì tó sanra bíi fìríìjì ni wọ́n á jọ rọ́ lù ú, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má yẹ̀, kí ọ̀nà lè là fún ẹnìkejì rẹ̀ láti lọ gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún alátakò ṣánlẹ̀. Mo tóbi ju Lucious lọ, mo sì lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n n kò tó o. Bí bọ́ọ̀lù bá ti mira, ó ti lọ kí n tó ṣẹ́jú. Á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ àga, ọwọ́ rẹ̀ á ti kan àyà alátakò kí ìyẹn tó na ọwọ́. Nígbà tí gbogbo wa bá ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, òun ṣì ń lé bọ́ọ̀lù kiri pápá. Bí méjì bá sì já lù ú, ibi tí wọ́n bá a náà ni wọ́n á fi í sí. A máa ń ṣe é bí àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣe àáró: bí mo bá di méjì mú lónìí kó lè kọjá, òun náà á di méjì mú fún mi nígbà tó bá yá. Èmi kò tètè rí i pé ìgbà tó kàn án láti jìyà fún mi, ẹnu rẹ̀ kì í kùn. Tèmi ń kùn nínú.

Ọdún tí a fẹ́ jáde, Kóòṣì Stroud, tó ń darí àwa ará iwájú, pè mí sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní ọ̀gbẹ́ni Kessler, tó ń bá ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń sanwó wá agbábọ́ọ̀lù kiri, ń bọ̀ wá wò wá ní Sátidé, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì nílò.

Ó ní, “Tarver, ìwọ lò ń jìyà, Bynum ló ń gbayì. Ṣé bí wàá ṣe máa bá a gbé ẹrù títí ayé nìyẹn? Tí o bá rí i tí mo fọwọ́ kan fìlà mi, má dúró de àwọn méjì tí yóò rọ́ lù ọ́. Yọ́ kọjá, kí o lọ gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀.”

Mo bi í pé ta ni yóò wá wà láàárín àwọn méjì náà àti Lucious. Ó ní Lucious kì í ṣe ọmọ ọwọ́. N kò mọ̀ nígbà náà pé Stroud fúnra rẹ̀ ń wá iṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ Kessler, ó sì fẹ́ kí wọ́n rí ọmọ tí òun mú wá, èyí tí í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n n kò ní gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Iná ló mú wá, igi gbígbẹ ti wà nínú mi.

Ní Sátidé náà, Mama Ernestine jókòó síwájú pátápátá, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo itan. Ilẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà tó kàn mí láti di méjì mú. Kí bọ́ọ̀lù tó mira, Lucious yíjú sí mi, ó ní, “Bá mi di àwọn méjì yẹn mú, màá mú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.”

Mo ní, “Ó dáa.”

Stroud fọwọ́ kan fìlà. Bọ́ọ̀lù mira. Mo yọ́ kọjá láàárín àwọn méjì náà bí ológbò. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni níwájú wọn, ni ọ̀kan nínú wọn bá fi gbogbo ara rẹ̀ ṣubú lu orúnkún Lucious láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ẹlòmíràn ti dì í mú láyà. Mo gbọ́ ọ. Ó dún bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. N kò wẹ̀yìn. Mo gbé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀, mo dìde, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo pápá ń hó. Bí mo ṣe na ọwọ́ sókè yẹn, Lucious ń pe orúkọ mi lórí ilẹ̀. Kò pe dókítà, kò pe ìyá rẹ̀. Èmi ló ń pè, ó rò pé mo ń bọ̀ wá gbé òun.

Ẹ má tíì fọwọ́ bo ẹnu o. Èyí tó burú jù ń bọ̀. Ní ilé ìwòsàn, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an, pé òun kò rí nǹkan kan. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, “O dìde jù ni. O ga sókè, ni wọ́n bá rí orúnkún rẹ.” Ó ní òun rò pé òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo ní rárá. Ó sì gbà, torí ó gbà mí gbọ́ ju ara rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo jáde, Mama Ernestine dì mọ́ mi, ó ń dúpẹ́ pé ọmọ òun kò dá wà.

Ṣé ẹ rò pé mo jèrè? Kessler pè mí, ó fi fíìmù ìdíje náà hàn mí, ó sì dá a dúró síbi tí mo ti ń yọ́ lọ. Ó ní, “Ọmọ tó yára ò wọ́n. Ẹni tí mo ń wá fún àárín ni ẹni tí yóò dúró níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i. Ìwọ sá.” Mo sáré lọ bá Stroud kó bá mi ṣàlàyé. Níwájú àwọn kóòṣì yòókù ló ti ní òun kò rán mi níṣẹ́ kankan, pé tinú mi ni mo ṣe. Ó rí iṣẹ́ tirẹ̀, ó kó ẹrù, kò dágbére fún mi. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sunkún ọ̀dàlẹ̀? Mo délé, mo ní torí ẹ̀yìn tó ń dùn mí ni mo ṣe fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yin náà mọ ohun tí Kóòṣì yín máa ń sọ. Á lu itan rẹ̀, á ní, “Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dìde, ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ bi Tarver, ó wà níbẹ̀.” Èmi tí mo gbé omi dání létí pápá, màá mi orí. Bí mo ṣe ń mi orí náà ni àwọn bàbá yín dàgbà, tí ẹ̀yin náà fi dé.

Ní Túsìdé tó kọjá, mo lọ bá a ní ìta ilé rẹ̀, níbi tó ti ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́, mo sì sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó ń bó ẹ̀wà lọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró.

Ó ní, “Ṣé mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa nígbà náà?”

Mo ní, “O bẹ̀rẹ̀, Lucious. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ tó ọ.”

Ó fi fìlà bojú. Nígbà tó yá, ó ní ìyá òun ń rò títí ó fi kú pé àìfarabalẹ̀ ọmọ rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ dá mi dúró. Ó ní, “Má bẹ̀ mí. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti ń gbé irọ́ rẹ kiri láti ọjọ́ yìí. Lọ kó o kúrò lẹ́nu mi.” Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú yín. Ẹ wo àga rẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kò wá lónìí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ń sọ fún yín pé ọ̀rẹ́ yín ló ń dí yín lọ́nà, ẹ bi í pé níbo ni òun fúnra rẹ̀ ń lọ. Ohun tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹun tán, kí gbogbo yín jọ rìn lọ sílé Kóòṣì yín. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu èmi fúnra mi. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Èmi á jókòó síbí. Bó bá ní kí n wá, ẹ jọ̀ọ́, kí ọ̀kan nínú yín padà wá pè mí.