Àgbo Tí Mo Gbé Fún Màmá Mi

Òtítọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síhìn-ín; bí ẹ bá bá irọ́ kan níbẹ̀, ẹ má ṣe dárí jì mí. Màmá mi fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbà wọ́n lọ́wọ́ ọtí, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá. Ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Màmá mi máa ń mutí yó tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní àìsàn. Èmi kà á sí ẹ̀gbin. Lọ́jọ́ tí mo gba ẹ̀bùn àròkọ nílé ẹ̀kọ́ wa ní Mówè, wọ́n kúnlẹ̀ kí ọ̀gá àgbà, wọn kò sì lè dìde. Àwọn ọmọ kíláàsì mi pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, nínú ọkàn mi, màmá mi kì í ṣe "wọ́n" mọ́. "Ó" ni mo ń pè é.

Nígbà tó yá, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń jáwọ́ nínú ọtí ní ìjọ wa. Ó jáwọ́ lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: inú mi kò dùn. Orin tó ń kọ láàárọ̀ ń rí mi lára. Mo gbà pé ọ̀mùtí kì í yí padà, ọgbọ́n ìfarapamọ́ ló kàn ń kọ́.

Èmi ló máa ń rán lọ ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ní Ìbàfò, èyí tí wọ́n fi omi rẹ. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀fìnkìn dí i nímú, mo ní kí ìyá alágbo bu èyí tí wọ́n fi ọtí rẹ fún mi.

"Ta ló ni ín? Ṣé kì í ṣe ìyá ẹ? Mo gbọ́ pé ó ti di ajíhìnrere."

"Àlejò ni, mà."

Mo fẹ́ kó mu ún tán, kó béèrè òmíràn, kí n lè fi í rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹkún ẹnu kan mì. Ó da ìyókù sí gọ́tà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́. Ó ní òun mọ̀ ọ́n lẹ́nu pé ọtí ni, ó dùn mọ́ òun, òun sì gbé e mì. Alága ẹgbẹ́ fọwọ́ bo imú, bẹ́ẹ̀ òórùn kankan kò sí níbẹ̀.

"A ti ń retí ẹ, Màmá Bùkọ́lá."

Mo kẹ́gàn obìnrin náà, títí mo fi rántí pé èmi gan-an ti ń retí ìṣubú náà.

Màmá mi fúnra wọn dìde. Kò sẹ́ni tó fà wọ́n sókè.

Wọ́n ní ahọ́n àwọn ti da àwọn, àwọn kò ní padà sí ẹgbẹ́ náà mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé ìdí ọtí ni wọn yóò padà sí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá jẹ́wọ́, wọn yóò mọ̀ pé àwọn kò ṣubú. Wọn yóò sì mọ ẹni tó tì wọ́n.

Lánàá, wọ́n ń ká aṣọ lórí okùn. Wọn kò wojú mi. Wọ́n bi mí léèrè.

"Bùkọ́lá, ọ̀fìnkìn ló dí mi nímú lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ tó gbé e délé ńkọ́, ṣé o ò gbóòórùn ọtí ni?"